Ọṣẹ Ara-Ti-Le

Ọṣẹ ni Yasuhei fi sọ fún àdúgbò pé ìyàwó òun ti sàn. Ilé mọ́kànlélógójì ló pín in dé, ọṣẹ ìfọṣọ méjì-méjì nínú páálí funfun, okùn pupa àti funfun lórí rẹ̀ tí wọ́n ta ní kókó tí kì í tú, orúkọ ìyàwó náà, Kinue, nísàlẹ̀. Lókè ni wọ́n fi yíǹkì dúdú kọ ọ̀rọ̀ náà sí: ara ti le tán.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é ní ìlú apẹja wọn ní etíkun Shimane. Ẹni tó bá bẹ aláìsàn wò, a gbọ́dọ̀ fi nǹkan dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí aláìsàn bá dìde, nǹkan náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí í tán: ọṣẹ, ṣúgà, tíì. Bó bá ṣe ń yòrò lọ́wọ́ àwọn tó gbà á ni àìsàn náà yóò máa yòrò, kò sì ní rántí ọ̀nà ilé mọ́. Oríṣi ìwé méjì ni wọ́n sì máa ń lẹ̀ mọ́ ọn. Ọ̀kan wà fún ẹni tó ti gbádùn pátápátá. Èkejì wà fún ẹni tó ti kúrò nílé ìwòsàn ṣùgbọ́n tó ṣì ń ṣòjòjò. Ìyẹn kàn ń dúpẹ́ ni, kò sọ pé ohunkóhun ti parí. Kò sí àgbàlagbà kan ládùúgbò tí kò mọ ìyàtọ̀ wọn. Yasuhei náà mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀, ìwé ara-ti-le ló ní kí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, nígbà tí Kinue kò tíì lè gbé kẹ́tùlù láìlo ọwọ́ méjèèjì.

Kinue jẹ́ ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta. Láti bí ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń lọ ẹja kúnná, tí wọ́n ń fi ṣe àkàrà ẹja funfun tí gbogbo ilé ń jẹ lọ́dún tuntun. Òtútù àyà ló dá a dùbúlẹ̀ nínú oṣù kẹjọ. Ìgbà tí wọn yóò fi gbé e dé ilé ìwòsàn ńlá, ètè rẹ̀ ti di àwọ̀ aró. Wọ́n gbé e wọ yàrá tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tó wà láàárín ikú àti ìyè, ọjọ́ mẹ́tàlélógún gbáko sì ni ẹ̀rọ fi bá a mí.

Ẹni tó ti yàrá náà dé kì í ṣe ẹni tó wọ̀ ọ́. Irun orí rẹ̀ ń já sínú balùwẹ̀, ó ń dí ojú ihò tí omi ń gbà jáde, òun fúnra rẹ̀ ló sì ní láti ti ìka bọ̀ ọ́ kó fà á jáde, tútù, tó ń yọ̀, bí ohun tó kú sínú kànga. Omi lásán kò ṣe é mu fún un mọ́, nítorí ọ̀fun tí túùbù ẹ̀rọ náà ti gbé pẹ́ ti gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀, omi sì lè ṣìnà wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Lẹ́búlẹ́bú kan ni wọ́n ní kó máa pò mọ́ ọn kó lè ki. Omi náà a máa fà bíi kẹ̀lẹ̀bẹ̀. A dijú, a gbé e mì, a sì jókòó jẹ́ẹ́ títí inú rẹ̀ yóò fi yé ru. Ìrẹsì ń rùn sí i bí aṣọ tí òjò pa tí wọn kò sá. Ẹja ń tọ́ lẹ́nu rẹ̀ bí ìṣó tó dípẹtà. Ó wo ara rẹ̀ nínú dígí lẹ́ẹ̀kan, ó rí ojú àpá tó wà lọ́fun, níbi tí wọ́n ti dá ihò fún túùbù, tó pọ́n tó sì yọ síta bí ìdodo ọmọ tuntun. Ó fi aṣọ ìnura bo dígí náà, kò sì ṣí i mọ́.

Gbogbo ìyẹn, ó lè fara dà á. Ohun tí kò lè fara dà, tí kò sì lè sọ fún ẹnikẹ́ni, ni ọwọ́ ọkọ rẹ̀.

Ó rántí ọwọ́ kan. Nínú yàrá náà, lábẹ́ iná tí kì í kú, wọ́n so ọwọ́ tirẹ̀ méjèèjì mọ́ ibùsùn, ọwọ́ kan sì ń ki ẹja tútù bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn, pẹ̀lú ìfun àti ìpẹ́ wọn, títí dé ìsàlẹ̀ ọ̀fun. Ó kígbe, ohùn kò jáde. Ohùn kan wà nítòsí tó ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ohùn Yasuhei ni. Ó dá a lójú bí ó ti dá a lójú pé oòrùn ń là. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni wọ́n ti jọ wà, wọ́n bí Sayo, Sayo ti lọ́kọ sí Osaka. Nísinsìnyí, bí Yasuhei bá gbé abọ́ ìrẹsì olómi wá, tó fi lé e lọ́wọ́, tí ìka wọn sì kan ara, itọ́ kíkorò a dà sí i lẹ́nu.

Yasuhei kò sì ṣe ohun tó burú. Ó ti fẹ̀yìn tì nílé iṣẹ́ yìnyín ní èbúté, òun ni olórí ìlà ilé mẹ́wàá nínú ẹgbẹ́ àdúgbò, ó sì ti kọ́ oúnjẹ sísè nínú ìwé nítorí ìyàwó rẹ̀. Fìlà búlúù iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́, tí kì í bọ́ kúrò lórí àfi tó bá fẹ́ sùn, nìkan ni Kinue kò rí mọ́. Orí lásán ló ń gbé kiri nínú òtútù. Nígbà tó bi í, ó ní ó sọnù.

Láti ọjọ́ tí ọṣẹ ti dé ilé àwọn èèyàn ni gbogbo ènìyàn ti gbàgbé àìsàn Kinue, bí ó ti yẹ kí wọ́n ṣe. Sayo pè lórí fóònù, ó ní inú òun dùn pé wàhálà ti tán, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ti ara rẹ̀. Ọ̀gá obìnrin níbi iṣẹ́ pè, ó béèrè bóyá ó lè wọlé kí ọdún tuntun tó dé, nítorí ìgbà yẹn ni iṣẹ́ ń pọ̀ jù. Bí ó bá jókòó sórí àtẹ̀gùn ọ́fíìsì ìfìwéránṣẹ́ láti mí, àwọn tó ń kọjá a máa yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí wọ́n má bàa rí i.

Ìparí oṣù kọkànlá ló rí lẹ́tà náà. Ó fẹ́ ya ojú ewé kàlẹ́ńdà, lẹ́tà sì já bọ́ láti ẹ̀yìn rẹ̀. Ilé ìwòsàn ló kọ ọ́. Wọ́n ní àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì yàrá náà ti ya ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn tó ti jáde kúrò níbẹ̀, kí wọ́n lè mọ bí ara àti ọkàn wọn ti ń ṣe. Wọ́n ti yan ọjọ́ fún Kinue, ọ̀sẹ̀ méjì sí i. Wọ́n ti ya àpòòwé náà tẹ́lẹ̀.

Ó gbé e síwájú Yasuhei. Yasuhei wò ó, ó tún wo ìwé ìròyìn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kì í ṣe dandan, pé ìbéèrè lásán ni wọ́n ń béèrè níbẹ̀, pé òun kò fẹ́ kí ó da ara rẹ̀ láàmú. Kinue dúró. Ọkọ rẹ̀ ká ìwé ìròyìn náà.

"Ìyá Sayo, ẹni tó ti pín ọṣẹ kì í padà lọ bá dókítà. Iwájú ilé Màmá Kuramitsu gan-an ni ọkọ̀ ti ń gbé èrò. Bí wọ́n bá bi ọ́ pé níbo lò ń lọ, kí lo fẹ́ sọ?"

"Màá sọ pé mò ń lọ sílé ìwòsàn."

"Àwa la ó wá dà bí òpùrọ́ nílé mọ́kànlélógójì."

Kinue dá lẹ́tà náà padà sẹ́yìn kàlẹ́ńdà. Kì í ṣe pé ó gbà. Ó rẹ̀ ẹ́ ni. Ó ronú pé bóyá òótọ́ ni, bóyá báyìí ni ara líle ṣe ń rí fún gbogbo ènìyàn, tí wọ́n kàn ń pa á mọ́ra.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, pátákó pàǹtí kàn wọ́n. Pátákó pẹlẹbẹ kan ni, tí okùn wà lórí rẹ̀, tó ń lọ láti ilé dé ilé. Ẹni tí wọ́n bá gbé e kọ́ sílẹ̀kùn rẹ̀ ni yóò tọ́jú ibi ìkódọ̀tísí lọ́sẹ̀ náà: yóò na àwọ̀n bo àwọn báàgì kí ẹyẹ kannakánná má bàa ya wọ́n, yóò gbálẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ pàǹtí bá kọjá, yóò da omi sí i, yóò ká àwọ̀n. Iṣẹ́ obìnrin ilé ni wọ́n kà á sí. Wọ́n máa ń fo ilé tí aláìsàn bá wà. Wọn kò fo ti Kinue. Yasuhei tó ń ṣètò rẹ̀ gan-an ló fi orúkọ wọn sílẹ̀.

Oṣù alákàn ni. Gbogbo ilé ló ń jẹ alákàn, ìkarahun rẹ̀ sì kún inú báàgì pẹ̀lú ìfun ẹja. Nígbà tí Kinue débẹ̀ ní agogo mẹ́jọ àárọ̀, àwọn ẹyẹ ti ya báàgì mẹ́ta, wọ́n ti wọ́ ìfun sójú títì. Ó gbá ẹsẹ̀ alákàn jọ. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ kó ìfun, nítorí ìgbálẹ̀ kò lè kó o. Ó rọ̀, ó tutù, ó ń yọ̀ láàárín ìka rẹ̀. Òórùn náà gba imú rẹ̀ wọlé, ọwọ́ yẹn sì ti dé, ó wà lẹ́nu rẹ̀, ó ń ki í, ó ń ki í. Nígbà tí ojú rẹ̀ padà wálẹ̀, orí eékún ló wà nínú ìdọ̀tí náà, èébì ti dà sára aṣọ rẹ̀ àti sórí àwọ̀n.

Màmá Kuramitsu dúró lókè rẹ̀ pẹ̀lú báàgì tirẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni, opó, ahọ́n rẹ̀ kò sì rọ̀. Kinue fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu, ó ní ohun kan tí òun jẹ lánàá ni. Obìnrin àgbà náà wo èébì, ó wo Kinue, ó gbé báàgì rẹ̀ kalẹ̀ wẹ́lẹ́.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ó ní. "Ọṣẹ yín yẹn mà hó dáadáa."

Ó yí padà lọ sílé rẹ̀.

Kinue fọ ibẹ̀ títí ó fi mọ́. Ó fọ àwọ̀n. Ọ̀rọ̀ náà kò tà á bí ó ti yẹ kó tà á. Ohun tó rí i lára ni pé òun fúnra rẹ̀ ló purọ́, lórí eékún, pẹ̀lú èébì lẹ́nu, nítorí páálí ọṣẹ. Ó wọlé, ó mú lẹ́tà náà jáde, ó sì sọ fún ọkọ rẹ̀ pé òun yóò lọ ní Ọjọ́bọ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó dúró sí ibùdókọ̀ níwájú ilé Màmá Kuramitsu, kò sì fi nǹkan bojú. Yasuhei kò tẹ̀lé e jáde. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ̀ dé ibùdó kejì, òun náà ló wọlé yẹn, orí lásán, etí rẹ̀ pọ́n fún òtútù. Ẹsẹ̀ ló fi rìn débẹ̀. Ó gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá, ó lọ jókòó sí àga kẹta, ó sì ń wo ojú fèrèsé bí ẹni tí kò mọ ẹnikẹ́ni nínú ọkọ̀. Ó kù díẹ̀ kí Kinue rẹ́rìn-ín.

Nọ́ọ̀sì tó gbà wọ́n ń jẹ́ Terauchi, obìnrin kúkúrú kan tó lé díẹ̀ lẹ́ni ọgbọ̀n ọdún. Ó ní kí Kinue fún irin kan pọ̀, irin náà sì fi hàn pé agbára ọwọ́ rẹ̀ kò tó ìdajì ti obìnrin ọjọ́ orí rẹ̀. Ó mú un rìn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́fà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n dúró. Ó béèrè oorun, ó béèrè ìgbàgbé, ó béèrè oúnjẹ. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, nítorí nǹkan kan lè dínkù nínú rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ahọ́n mọ adùn. Ó sì ṣètò ẹni tí yóò máa kọ́ ọ̀fun rẹ̀ ní omi mímu. Ó di àtàǹpàkò Kinue mú, ó fi ìlà kan tó dábùú èékánná hàn án, bí ẹni fi ọ̀bẹ fà á.

"Oṣù kẹjọ nìyí," ó ní. "Gbogbo ìka yín ló ní in. Èékánná ò dàgbà lọ́jọ́ yẹn. Tó bá ti hù dé ṣóńṣó, tí ẹ gé e dànù, ẹ tún padà wá kí n rí yín."

Lẹ́yìn náà ló wá béèrè, láìyí ohùn padà, bóyá ohun kan wà láti inú yàrá náà tó ṣì ń rí i lára.

Kinue kò mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Ó sọ ti okùn, ó sọ ti ẹja, ó sọ ti ọwọ́. Kò dárúkọ ọkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ lọ sẹ́nu ọ̀nà, níbi tí Yasuhei dúró sí pẹ̀lú ọwọ́ lẹ́yìn. Wọ́n ti ní kó wọlé jókòó, ó ní ibẹ̀ tẹ́ òun lọ́rùn.

Terauchi mú ìwé àjákọ kan jáde nínú dúrọ́ọ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì ló kọ ọ́, lójoojúmọ́, fún ẹni tó ń sùn, kí ó lè mọ ibi tí ọjọ́ rẹ̀ gbà lọ. Ó ní ọ̀pọ̀ tó ti yàrá náà jáde ló ń gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kiri lórí, tí wọ́n ń rí omi jíjìn, àjèjì, ẹranko. Oògùn àti ibà ló ń hun ún mọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an. Ó kà á jáde.

"Ọjọ́ kẹfà. Ìyáàfin Kinue, ẹ fẹ́ fa túùbù yọ lónìí. A fi ìbọ̀wọ́ òwú bò yín lọ́wọ́, a sì so ó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá la fa kẹ̀lẹ̀bẹ̀ lọ́fun yín. Mo mọ̀ pé ẹ kórìíra rẹ̀. Òjò rọ̀ láàárọ̀. Ọkọ yín wá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà."

Ó gbé ọwọ́ tirẹ̀ lé orí tábìlì. Ọwọ́ kékeré ni, tó ti ya wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ nítorí fífọ̀ ní gbogbo ìgbà. Ó ní ọwọ́ tó ń wọ ẹnu rẹ̀ nígbà náà, ọwọ́ òun nìyẹn. Òórùn ẹja náà kì í ṣe irọ́: oúnjẹ olómi tí wọ́n ń gba imú rẹ̀ fún un, òróró ẹja wà nínú rẹ̀, a sì máa gùn wá sọ́fun.

Kinue wo ọwọ́ náà. Inú rẹ̀ kò ru. Ó gba ìwé náà, ó ṣí i fúnra rẹ̀. Ọjọ́ keje, ọkọ yín wá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọjọ́ kẹjọ, bákan náà. Ọjọ́ kejìlá, a bẹ̀ ẹ́ pé kó wọlé kó di yín lọ́wọ́ mú, ó ní kí a bá òun kí yín. Ó kà á dé ìparí. Ojoojúmọ́ ló wá. Àyàfi ọjọ́ kìíní, kò wọlé rí.

Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé ìwòsàn láti dúró de ọkọ̀. Ìwé àjákọ náà wà lórí itan Kinue.

"Bàbá Sayo, kí ló dé tí ẹ ò wọlé?"

Ẹyẹlé kan rìn dé ẹsẹ̀ wọn, ó tún rìn lọ.

"Ó ń rí mi lára," ni Yasuhei wí. Ojú rẹ̀ wà lórí bàtà rẹ̀. "Òórùn ibẹ̀. Omi tó ń gba túùbù jáde lẹ́nu ẹ. Lọ́jọ́ kìíní, mo bì sínú fìlà mi, mo gbé e pa mọ́ sábẹ́ kóòtù délé. Ẹ̀ẹ̀meje ni mo fọ̀ ọ́. Kò lọ. Mo sọ ọ́ sí pàǹtí. Ìyàwó mi ni, ó sì ń rí mi lára. Mo rò pé bí mo bá pín ọṣẹ náà kíákíá, á tán."

Kinue wá ìbínú nínú ara rẹ̀, kò rí i. Láti oṣù mẹ́ta, èyí ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni sọ fún un tí kò ní okùn pupa àti funfun lórí.

"Ọwọ́ yín náà ń rí mi lára," ó ní. "Láti oṣù kẹwàá. Bí ẹ bá gbé oúnjẹ wá, ó ń ṣe mí bíi kí n bì."

Yasuhei yọ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì jáde nínú àpò, ó wò wọ́n síwá sẹ́yìn. "Kí ni wọ́n ṣe?"

"Wọn ò ṣe nǹkan kan. Nọ́ọ̀sì yẹn ti là á yé mi. Orí mi ti gbọ́, ikùn mi ni kò tíì gbọ́."

"Ṣé títí di ìsinsìnyí?"

"Títí di ìsinsìnyí."

Ó mi orí, ó rọra dá wọn padà sínú àpò. Nígbà tí ọkọ̀ dé, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló jókòó sí, iwájú ilé Màmá Kuramitsu sì ni àwọn méjèèjì ti sọ̀.

Yasuhei ló parí ọ̀sẹ̀ pàǹtí náà. Àwọn obìnrin tó rí i tó ń ká àwọ̀n rò pé tọkọtaya náà jà. Ní Ọjọ́ Àìkú, Kinue gbé pátákó lọ sí ilé tó kàn, ilé Màmá Kuramitsu. Kò gbé e kọ́ sílẹ̀kùn kó lọ bí wọ́n ti máa ń ṣe. Ó tẹ aago. Nígbà tí obìnrin náà jáde, Kinue tẹrí ba, ó di pátákó náà mú ní ọwọ́ méjèèjì.

"Màmá, ara mi ò tíì le. Irọ́ lọ̀rọ̀ tó wà lórí ọṣẹ yẹn. Kí wọ́n máa fo ilé wa fún ìgbà díẹ̀."

Kò sí ẹni tó tíì sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí ládùúgbò náà. Ẹ̀bùn ara-ti-le kì í padà. Màmá Kuramitsu wò ó láti òkè délẹ̀, ojú rẹ̀ dúró díẹ̀ lórí àpá ọ̀fun.

"Mo mọ̀," ó ní. "Ṣé mi ò lójú ni? Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ ọ́n, nígbà tí ẹ ti kọ ọ́ síwèé?" Ó gba pátákó lọ́wọ́ rẹ̀. "Mo ti lo ọ̀kan tán. Ṣé kí n dá ìkejì padà ni?"

"Ẹ máa fi fọṣọ, mà."

"Ó dáa náà. Wọlé lọ, òtútù ń mú." Ó ti fẹ́ ti ilẹ̀kùn kó tó fi kún un pé ọkọ òun náà, lẹ́yìn tí wọ́n gbé e ti irú yàrá yẹn dé, kò jẹ ẹja títí ó fi kú, àwọn sì ń sọ fún gbogbo ayé pé ó kàn yan oúnjẹ ni.

Alẹ́ ọjọ́ náà, Yasuhei se ìrẹsì olómi. Ó ń rùn bí aṣọ tútù, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń rùn lánàá. Kinue jókòó, ó ń wo ìlà tó wà lórí èékánná rẹ̀; kò tíì dé àárín. Yasuhei gbé abọ́ náà dé. Kò fi lé e lọ́wọ́. Ó gbé e ka orí tábìlì, ó sì mú ọwọ́ rẹ̀ kúrò níbẹ̀ kíákíá, kí Kinue tó gbójú sókè.